Gíláàsì tó ń ṣú fúnra rẹ̀: ṣé kí n rà á sí fèrèsé pálọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ayàwòrán-ilé wa. Mò ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Ìbàdàn, a ti kọ́ ọ dé ibi líńtẹ̀lì. Pálọ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, fèrèsé ńlá ni mo sì fẹ́ níbẹ̀ torí mo fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kánádà sọ fún mi pé gíláàsì kan wà tó máa ń ṣú fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá mú, tí á tún mọ́ padà bó bá tutù. Ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe alúmíníọ̀mù ní òun lè bá mi kó o wọlé láti Ṣáínà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ṣé kí n rà á, àbí kí n kàn fi oníntíńtì sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ìyá wa. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ parí ẹ̀, ẹ ó sì gbé e pẹ́. Inú mi dùn pé ibi líńtẹ̀lì lẹ wà tí ẹ fi béèrè, torí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe á ti le gan-an tí ẹ bá ti kan òrùlé tán.

Ẹ má rà á sí ilé yìí. Kì í ṣe pé ayédèrú ni o. Ohun gidi ni, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi èyí tí kì í ṣe òun tà yín.

Nínú irú tí wọ́n ń lò fún ilé, gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wọn bíi ti gíláàsì iwájú mọ́tò. Inú rọ́bà yẹn ni èròjà tó ń yí àwọ̀ padà wà. Bí oòrùn bá ṣe ń mú gíláàsì gbóná sí i ló ń ṣú sí i. Kò ní wáyà, kò sì ní bọ́tìnnì. Ti fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú Boeing 787 ló ní bọ́tìnnì, iná ló ń mú un ṣú. Ìmọ́lẹ̀ ló sì ń mú irú awò ojú tó máa ń ṣú nínú oòrùn ṣú. Eléyìí, ooru nìkan ló mọ̀. Irú mìíràn tún wà tí wọ́n ń fi èròjà kan tó ń jẹ́ vanadium dioxide kùn. Ọdún 1959 ni F. J. Morin, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, rí i pé èròjà yìí máa ń yí ìwà padà bó bá gbóná tó nǹkan bí 68°C; bó bá ti yí, á máa dá ooru oòrùn padà. Ìyẹn ti gbóná jù fún fèrèsé, ni wọ́n ṣe ń fi irin kan tó ń jẹ́ tungsten díẹ̀ sí i kó lè tètè yí.

Ègé kan wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí oníbàárà bá dé, mo máa ń rẹ aṣọ ìnujú sínú omi tó gbóná díẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń hó o, màá wá tẹ́ ẹ lé ìdajì ègé náà. Kò ní pẹ́ tí ìdajì yẹn á fi ṣú bí omi tíì, tí igun aṣọ á hàn lára rẹ̀ kedere, tí ìdajì kejì á wà bó ṣe wà. Bó bá tutù, á mọ́ padà. Ẹ ní kí oní-alúmíníọ̀mù yín mú ègé tiẹ̀ wá, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Bí kò bá yí padà, tíńtì lásán ló fẹ́ tà fún yín.

Kí ló wá dé tí mo ní kí ẹ má rà á? Ní Kánádà, wọ́n ń wá oòrùn nígbà òtútù, wọ́n sì ń sá fún un nígbà ooru. Gíláàsì tó ń yí padà wúlò fún irú wọn. Àwa ńkọ́? Ìgbà wo ni à ń fẹ́ kí oòrùn ọ̀sán wọ pálọ̀ wa ní Ìbàdàn? Àní nígbà ọyẹ́ pàápàá, oòrùn ọ̀sán ṣì ń ta ni lára. Ẹ ó sanwó iṣẹ́ méjì fún gíláàsì tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré lẹ máa lò lára rẹ̀.

Gíláàsì tó ṣú tún máa ń mu ooru sára. Ẹ gbé ọwọ́ lé gíláàsì oníntíńtì mọ́tò tó ti wà nínú oòrùn láàárọ̀, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n fi sí férémù, púpọ̀ nínú ooru yẹn á padà wọlé bá yín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi gíláàsì mìíràn tì í lẹ́yìn, tí àlàfo afẹ́fẹ́ wà láàárín. Bí ẹni yẹn bá ní ẹyọ kan ṣoṣo lòun fẹ́ fi sí i, ẹ má dá a lóhùn rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ooru náà. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, mítà kan níbùú lóròó ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ń gba nǹkan bí wáàtì 600. Bí fèrèsé yín bá jẹ́ mítà méjì sí ọ̀kan ààbọ̀, ó ti di 1,800. Gíláàsì funfun ẹyọ kan ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ wọlé. Bí ìgbà tí ẹ tan áyọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀ nìyẹn, tí ẹ tún ń san owó epo jẹnẹrétọ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè máa kó o jáde.

Ìta ni kí ẹ ti dá oòrùn náà dúró kó tó kan gíláàsì. Ẹ wo ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀: ògiri kọnkéré oníhò ni wọ́n fi yí i ká, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, oòrùn kò ráyè. Húùdù kékeré lókè fèrèsé kò tó fún yín, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀, abẹ́ húùdù ló ń gbà wọlé. Ẹ yọ fàráńdà mítà méjì síwájú pálọ̀ yẹn, kí òrùlé bò ó. Títí di nǹkan bí agogo mẹ́rin, kò sí oòrùn tó máa kan gíláàsì yín. Kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù oníhò dí apá kan etí fàráńdà náà fún èyí tó kù, tàbí kí ẹ gbin igi síwájú rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbà fún onílé kan pé kó fi gíláàsì ṣe ògiri ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, kọ́tìnì tó nípọn ni wọ́n fi bò ó látòkè délẹ̀, gílóòbù sì ń tàn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ náwó ni wọ́n fi aṣọ dí. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn fàráńdà, ẹ béèrè gíláàsì onípele méjì tó ní ìkùn low-e, ìyẹn ìkùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dá ooru padà, fún fèrèsé ìhà yẹn nìkan. Ẹ wo SHGC nínú ìwé rẹ̀, ìyẹn ìdá ooru oòrùn tí gíláàsì ń jẹ́ kó wọlé: ti gíláàsì funfun ẹyọ kan tó 0.8, èyí tó dára fún wa kò gbọ́dọ̀ ju 0.3 lọ. Ó máa ń mọ́ tó kí ẹ ríran síta, kò sì ní yí padà láéláé, èyí tó tọ́ fún ojú ọjọ́ tiwa.

Kí bíríkìlà tó da kọnkéré líńtẹ̀lì ìhà yẹn, kó ti mọ ibi tí òpó fàráńdà máa dúró sí. Ẹ má sì tíì jẹ́ kí oní-alúmíníọ̀mù gé férémù kankan o, gíláàsì onípele méjì kò lè wọ ojú férémù tí wọ́n gé fún ẹyọ kan.