Ọgbà kan náà, Chardonnay kan náà: kí ló dé tí ọ̀kan fi kan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìgò méjì wáìnì tó ń hó, ọgbà àjàrà kan ní Sussex, gúúsù England, ló ṣe méjèèjì, irú àjàrà tí wọ́n ń pè ní Chardonnay ni wọ́n sì fi ṣe wọ́n. Ti 2018 dùn ún mu. Ti 2021 kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ṣé àdàmọ̀dì ni wọ́n tà fún mi ni? (Òǹkàwé kan, Peckham)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe àdàmọ̀dì, ojú ọjọ́ lẹ mu. Àjàrà tí kò tíì pọ́n máa ń kan bí ápù tútù. Bí oòrùn ṣe ń mú ni kíkan yẹn ń dín kù, tí ṣúgà sì ń pọ̀ sí i. Nǹkan bí 100 ọjọ́ ló wà láàárín ìgbà tí àjàrà bá tanná àti ìgbà ìkórè, gúúsù England ò sì fi bẹ́ẹ̀ ní oòrùn tó máa ṣì dànù. Lọ́dún 2018, oòrùn mú dáadáa. Lọ́dún 2021, oṣù kẹrin tutù nini, òjò pọ̀ lóṣù karùn-ún, ìkùukùu bo ọ̀run nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èbu sì bá ewé jà. Ewé tí èbu bò ò lè ṣe ṣúgà tó.

Ẹ ó gbọ́ pé òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, irú ti Champagne ní ilẹ̀ Faransé, lẹ ń tọ́ wò lẹ́nu. Ẹ má gbà á. Iṣẹ́ ẹfun ni pé kí òjò tètè wọlẹ̀, kí díẹ̀ sì kù fún gbòǹgbò.

Ẹni tó ń ṣe wáìnì lè jẹ́ kí bakitéríà sọ kíkan ápù di irú kíkan tó wà nínú ògì, tó rọ̀ lẹ́nu jù. Àwọn kan kì í ṣe é rárá. Tẹ́ ò bá fẹ́ràn kíkan, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò: ṣúgà inú èyí tí wọ́n kọ Brut sí kì í tó gíráàmù 12 nínú lítà kan, ti Demi-Sec, tó dùn jù ú lọ, jẹ́ 32 sí 50.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbin àjàrà 20 sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Kent. Lóṣù kẹrin, ìrì dídì sọ gbogbo ọ̀mùnú wọn di dúdú. Àwọn olóko ńlá tan àbẹ́là lóru kí òtútù má bàa pa àjàrà wọn. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àbẹ́là ni wọ́n ń tàn sórí hẹ́kítà kan, tí atẹ́gùn bá sì fẹ́, owó wọlẹ̀ nìyẹn.

Ní nǹkan bí −2 °C, omi inú ọ̀mùnú á dì, ó sì parí. Igi á tún rú o, àmọ́ èso ìrúkejì kì í pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó pọ́n. Nítorí náà, ẹ má tètè rẹ́ ọwọ́ àjàrà. Ẹ dúró di ìparí oṣù kẹta, kó lè pẹ́ kó tó rú. Ẹ gé koríko mọ́lẹ̀, torí koríko gíga ń sé ooru ilẹ̀ mọ́. Òtútù òru máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi: tí igi tẹ́ ẹ fi ṣe ọgbà bá dí ìsàlẹ̀ pa, ẹ la àyè sí i kí òtútù rí ibi gbà jáde. Lálẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí atẹ́gùn ò sì fẹ́, ẹ da aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ táwọn tó ń ta nǹkan ọ̀gbìn ń tà bo àjàrà yín, kẹ́ ẹ ká a kúrò tílẹ̀ bá mọ́.