Kí ni VSLM tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwọn òkúta Odi Hadrian?

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Newcastle níbí ló kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí Great North Museum, ó wá fi fọ́tò òkúta mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi. Ìbéèrè ẹ̀ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ara Odi Hadrian ni wọ́n ti rí àwọn òkúta yìí. Orúkọ tó wà lára wọn ò jọra, àwòrán wọn ò jọra, àmọ́ mò ń rí V S L M nísàlẹ̀ ṣáá. Ṣé orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn ni àbí oògùn ni?"

Odi Hadrian yìí, odi gígùn kan ni tí àwọn ará Róòmù mọ sí àríwá ilẹ̀ England. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wọ ibẹ̀, idà àti bàtà sọ́jà ni wọ́n ń sáré lọ wò, wọ́n á kàn kọjá lára òkúta yẹn bí ẹni kọjá lára ògiri. Kì í ṣe orúkọ, kì í sì í ṣe oògùn. Ẹ̀jẹ́ ni. Mi ò sọ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú ara o, ẹ̀jẹ́ téèyàn ń jẹ́ ni mò ń sọ.

Èdè Látìn ni, votum solvit libens merito. Votum, ẹ̀jẹ́. Solvit, ó ti san án. Libens, tinútinú, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Merito, bó ṣe tọ́ bó ṣe yẹ. Tó o bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, "ó san ẹ̀jẹ́ ẹ̀ tinútinú, bó ṣe yẹ" ló ń sọ. Èyí tó wù mí jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni solvit yẹn, torí pé kó tó di "san gbèsè", "tú" ló túmọ̀ sí, bí wọ́n ṣe ń tú okùn. Lójú àwọn ará Róòmù, tó o bá ti la ẹnu ẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú òrìṣà, o ti so ara ẹ mọ́lẹ̀ nìyẹn, wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, voti reus, ẹni tí ẹ̀jẹ́ wà lọ́rùn ẹ̀, reus yẹn náà ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní kóòtù. Ọjọ́ tó bá gbé òkúta kalẹ̀ ni okùn tú.

Àwọn ará ilé wa ò nílò àlàyé rẹpẹtẹ lórí èyí. Ẹni tó bá ti rí obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n padà wá sétí odò Ọ̀ṣun, tàbí tó ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́ pé ohun tí mo tọrọ lọ́dún tó kọjá mo ti rí i gbà, mo wá san ẹ̀jẹ́ mi, ó ti mọ VSLM láìkà Látìn rárá.

Àmọ́ o, ohun kan wà tó yẹ kó o fi sọ́kàn kó o tó padà lọ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ló ń ṣáájú, òkúta ló ń kẹ́yìn. Ká ní sọ́jà kan fẹ́ kọjá lọ sí apá àríwá odi, tàbí àìsàn dá a gúnlẹ̀, tàbí ọ̀gá kan ń retí ìgbéga, á sọ fún òrìṣà pé tó o bá ṣe é fún mi, màá gbé pẹpẹ kalẹ̀ fún ẹ. Tí òrìṣà ò bá ṣe é, sọ́jà ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Tó bá ṣe é, ó di dandan, kò sí pé mò ń bọ̀ lọ́la. Ìyẹn ni pé gbogbo òkúta tó ní VSLM lára, àdúrà tó gbà ni gbogbo wọn. Àwọn àdúrà tí kò gbà, tí wọ́n á ti pọ̀ bí yanrìn létí odi yẹn nínú òtútù àti òjò, wọn ò fi òkúta kankan sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ro èyí, mo dúró síwájú àwọn pẹpẹ yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi gé e kúrú, òkúta gbígbẹ́ ò rọrùn, àyè ò sì pọ̀, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n, bó ṣe jẹ́ pé tá a bá rí RIP tàbí HBD lónìí kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Wàá rí àwọn kan tó ní L méjì, VSLLM, wọ́n fi laetus kún un nìyẹn, pé tayọ̀tayọ̀. Tó o bá wá rí D M lókè, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ́, òkúta ibojì ni, dis manibus, wọ́n fi òkú lé àwọn ẹ̀mí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́. Má pa méjèèjì pọ̀. Ní South Shields, ní bárékè tí wọ́n ń pè ní Arbeia, wàá rí irú ẹ̀ méjì tó ń fa omijé. Ọ̀kan jẹ́ ti Regina, ọmọ gúúsù Britain, ẹrú ni tẹ́lẹ̀ kí Barates ará Palmyra ní Síríà tó dá a sílẹ̀ tó sì fi ṣaya, ọgbọ̀n ọdún péré ló lò láyé, ọkọ ẹ̀ sì ní kí wọ́n fi èdè ilé tiẹ̀ kọ gbólóhùn kan sábẹ́ Látìn pé Regina, ẹni tí Barates dá sílẹ̀, ó mà ṣe o. Èkejì ni ti Victor, ọmọ Moor láti àríwá Áfíríkà, ogún ọdún.

Àwọn òkúta VSLM inú fọ́tò ẹ yẹn, pẹpẹ ni ní tòótọ́, kì í ṣe òkúta ìrántí lásán. Tí wọ́n bá gbà ẹ́ láyè, wo òkè ẹ̀, kòtò róbótó kan wà níbẹ̀ bí àwo kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n ń da wáìnì sí tí wọ́n sì ń fín tùràrí. Lára ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọ́n sáà máa ń gbẹ́ ìgò wáìnì àti àwo tí wọ́n fi ń ta òrìṣà lọ́rẹ. Wọ́n tún máa ń kun ún lọ́dà, àwọ̀ eérú tí a ń rí lónìí yìí, ilẹ̀ àti ọjọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa odi yẹn fúnra ẹ̀, torí òun ló kó gbogbo àwọn èèyàn yẹn jọ. Ọdún 122 ni Olú-ọba Hadrian wá sí Britain, ọdún yẹn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Aulus Platorius Nepos ni gómìnà. Wọ́n fà á láti Wallsend létí odò Tyne títí dé Bowness létí omi lápá ìwọ̀ oòrùn, máìlì Róòmù 80, nǹkan bíi kìlómítà 117 lóde òní. Òkúta ni apá ìlà oòrùn, àmọ́ apá ìwọ̀ oòrùn, koríko tòun ti ilẹ̀ tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọ́n kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di olókùúta. Géètì olódi kékeré kan wà ní máìlì kọ̀ọ̀kan, ilé ìṣọ́ méjì láàárín géètì sí géètì, yàrà níwájú, yàrà mìíràn tó tún jìn lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé ibodè England àti Scotland ni, kò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo odi yẹn pátá inú England ló wà, nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n sì rèé, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ England tàbí Scotland. Ní 142 Olú-ọba Antoninus Pius ní kí wọ́n mọ òmíràn síwájú lókè lọ́hùn-ún láàárín odò Forth àti Clyde, kò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ tí wọ́n fi padà sẹ́yìn sí ti Hadrian.

Òkúta náà ló sì sọ fún wa pé Hadrian ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń sọ pé Olú-ọba Septimius Severus ló mọ ọ́n, torí ó tún un ṣe gan-an nígbà tó wá jagun níbí, ó sì kú sí York ní 211 (ọmọ Áfíríkà ni Severus o, Leptis Magna ní Líbíyà ni wọ́n ti bí i). Àmọ́ wọ́n hú òkúta kan jáde nínú géètì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Milecastle 38, orúkọ Hadrian wà lára ẹ̀, orúkọ legion Kejì wà (legion ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá Róòmù), orúkọ gómìnà Nepos wà. Ó wà ní músíọ̀mù tó o lọ yẹn. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni òpìtàn kan, John Hodgson, fi la àríyànjiyàn yẹn ní 1840. Kò ní VSLM nísàlẹ̀, torí òkúta iṣẹ́ ìjọba ni, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn legion padà sí bárékè ńlá wọn, àwọn tó wá dúró ṣọ́ odi, láti ibi gbogbo ni wọ́n ti kó wọn wá: àwọn Batavi láti ilẹ̀ tó di Netherlands, àwọn Tungri láti apá Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn Astures láti Spéènì, àwọn tafàtafà láti Síríà. Olúkúlùkù ló gbé òrìṣà ẹ̀ dání. Ní Housesteads, bárékè kan létí odi, àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n ń pè ní Tuihanti gbé pẹpẹ kalẹ̀ fún Mars Thincsus àti òrìṣà obìnrin méjì, Beda àti Fimmilena, V S L M ló wà nísàlẹ̀. Ní Carrawburgh, bárékè mìíràn, àwọn ọ̀gá Batavi mẹ́ta gbé pẹpẹ mẹ́ta kalẹ̀ fún Mithras nínú ilé òrìṣà kótópó tí obìnrin ò gbọ́dọ̀ wọ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn wà lára fọ́tò ẹ. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n lu ìtànṣán orí òrìṣà yẹn jáde sí ẹ̀yìn, kí wọ́n lè gbé fìtílà síbẹ̀ kí iná máa yọ látinú òkúta sínú òkùnkùn. Wo ìsàlẹ̀ èyí tí orúkọ Simplex wà lára ẹ̀, VSLM náà ni. Wọ́n ò sì gbàgbé onílẹ̀, wọ́n ń gbé pẹpẹ fún Genius Loci, ẹ̀mí tó ni ibi tí wọ́n dé, kódà tí wọn ò mọ orúkọ ẹ̀.

Ọ̀gá lowó, ọ̀gá lè pe agbẹ́kùúta tó mọṣẹ́. Àwọn tó ń mú ọkàn mi ni pẹpẹ Veteris. Òrìṣà yìí, àgbègbè odi yìí ni ti ẹ̀, àwọn kékeré ló ń sìn ín, pẹpẹ ẹ̀ kì í tóbi, òmíràn ò ga ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ, ìlà ẹ̀ wọ́, lẹ́tà ẹ̀ ń bọ́ síta. Orúkọ òrìṣà yẹn gan-an, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: Veteris, Vitiris, Hvitiris, olúkúlùkù kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ létí. Lára òmíràn, ẹni tó gbé e kalẹ̀ ò tiẹ̀ kọ orúkọ ara ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé káràkátà lásán ni ẹ̀sìn Róòmù, fún mi kí n fún ẹ, àti pé libens yẹn ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Mi ò gbà. Ọ̀gá lè fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ họ òkúta líle títí ó fi rí lẹ́tà mẹ́rin yẹn kọ, tí kò sì retí pé kí ẹnikẹ́ni mọ òun, tinútinú ló fi ṣe é.

Ẹlòmíràn ò lo òkúta rárá. Ní Carrawburgh náà, ìsun omi kan wà tó jẹ́ ti òrìṣà obìnrin tó ń jẹ́ Coventina. Ní 1876 John Clayton, tó ra ilẹ̀ púpọ̀ létí odi yìí kí wọ́n má bàa wó o tán, ní kí wọ́n gbẹ́ kànga yẹn. Owó ẹyọ tó lé ní 13,000 ni wọ́n bá nínú ẹ̀, bàbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀, owó ẹni tí kò ní púpọ̀, wọ́n tún bá pẹpẹ àti ìkòkò tùràrí méjì tí wọ́n fi amọ̀ ṣe. Ẹni tó ṣe wọ́n ń jẹ́ Saturninus Gabinius, ó kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ọwọ́ òun fúnra òun lòun fi ṣe é, fún ẹ̀jẹ́.

O bi mí lórí fóònù bóyá èèyàn dúdú wà níbẹ̀. Pẹpẹ náà ló jẹ́rìí sí ti Áfíríkà. Ní 1934 wọ́n rí òkúta kan ní Beaumont, nítòsí Burgh by Sands, pẹpẹ fún Jupiter ni, láàárín 253 sí 258 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ sọ́jà tó wà níbẹ̀ sì ni Mauri Aureliani, àwọn Moor láti apá tá a mọ̀ sí Mòrókò àti Àlùjíríà lónìí. Wọn kì í ṣe Yorùbá, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni purọ́ fún ẹ, àmọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n sì dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ odindi.

Ìkan tó kù tí mo fẹ́ràn ò sí lára odi, gúúsù ló wà, ní Weardale. Ọ̀gá ẹlẹ́ṣin kan, Micianus, gbé pẹpẹ kalẹ̀ fún Silvanus, òrìṣà igbó, torí ó rí ìmàdò kan pa tó rẹwà púpọ̀, ó sì kọ ọ́ sára òkúta ketekete pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú òun nípò yìí ló lé e tí ọwọ́ wọn ò tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ìparí tiẹ̀, VSLP ni, ó gba ẹ̀jẹ́ sọ́rùn, ó sì gbé èyí kalẹ̀ tinútinú. Ọdẹ nìkan ló lè mọ bínú ẹ̀ ṣe dùn tó lọ́jọ́ yẹn.

Tó o bá ráyè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wọ rélùwéè lọ sí Hexham, bọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ AD122, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ odi nìyẹn, ó ń gbé èèyàn lọ sí Chesters àti Housesteads. Ilé Mithras ní Carrawburgh, owó kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, inú pápá àwọn àgùntàn ló wà, àwọn pẹpẹ tó wà níbẹ̀ jẹ́ àwòkọ, ojúlówó wọn lo ti rí ní músíọ̀mù. Èyí tí mo rí gbẹ̀yìn níbẹ̀, àwọn èèyàn ti kó kọ́ìnì pẹ́nnì pẹ́nnì jọ sínú kòtò orí wọn. Bá àwọn ọmọ wọ bàtà òjò o, ilẹ̀ ibẹ̀ rin gbindin torí omi Coventina ṣì ń sun lábẹ́ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.