Bíìgì Mọ́mì jókòó, àga wó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, torí tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn tó mọ̀ wá níbí, kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ó ti dé Ìbàdàn. Manchester la wà, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún méje, ìkejì ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Torí ìkejì yìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ṣe wá látilé, kí wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ. Bíìgì Mọ́mì là ń pè wọ́n, tọmọ tàgbà. Ká sòótọ́, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àwọn ló ń wẹ ọmọ, àwọn ló ń fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn, àwọn ló ń sebẹ̀, látìgbà tí wọ́n ti dé mi ò mọ ibi tí ìkòkò wà mọ́. Àmọ́ Bíìgì Mọ́mì sanra, wọ́n sì ga, orúnkún sì ń dùn wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, mẹ́ta nínú àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì wọn kán. Ọkọ mi rọra tún un tò, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, apá sófà tí wọ́n máa ń tì kí wọ́n tó lè dìde ya kúrò lára sófà, a fi aṣọ bò ó. Ó wá di Sunday tó kọjá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí ọmọ, a gbóúnjẹ sílẹ̀, Bíìgì Mọ́mì fa àga ìjẹun, wọ́n jókòó, a kàn gbọ́ gbàà! ni, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì yẹ̀, wọ́n lọ sílẹ̀ tàwo ìrẹsì tàwo ìrẹsì. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Kí n tó sáré débẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin ti fi òyìnbó béèrè pé ṣé torí ẹ̀ la ṣe ń pè wọ́n ní Bíìgì Mọ́mì. Bùrọ́dá kan bú sẹ́rìn-ín. Bíìgì Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Látọjọ́ yẹn, ìdúró ni wọ́n fi ń jẹun ní kíṣìnnì. Wọ́n ní ẹ̀yìn ló máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá jókòó. Irọ́ ni, mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n padà. Àga yẹn, mẹ́rin la rà pọ̀ ní igba pọ́n-ùn, wọn kì í ta ẹyọ kan. Ọkọ mi ní kí n má sọ nǹkankan, pé wọ́n á ní ìyàwó ń lé àwọn. Bíìgì Mọ́mì fúnra wọn fẹ́ fún mi ní ogún pọ́n-ùn, mi ò gbà á, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Ṣé kí n ra àga tó le fún wọn? Ṣé wọn ò ní rò pé mò ń bú wọn ni? Kí ni kí n sọ fún ọmọ mi? Sófà ńkọ́, ti lándíọ́ọ̀dù ni o.

* * *

Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á dá a sí. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó sì dùn mí jù ni ibi tí o ti ní ìdúró ni wọ́n fi ń jẹun. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ. Èmi tí mò ń kọ èyí, mo sanra, kì í ṣe díẹ̀. Èmi náà ti wó àga rí nílé onílé, ní Leeds níbí, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àga ike funfun tí wọ́n máa ń tò sẹ́yìn ilé. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kọ́kọ́ ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bíi pé ó fẹ́ sá fún mi, mo mọ̀ pé mò ń lọ, kò sóhun tí mo lè ṣe sí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo bára mi nínú koríko, gèlè wà lórí mi digbí. Ìṣubú yẹn ò dùn mí. Ẹni tó fà mí dìde ló bi mí lójú gbogbo èèyàn pé, "Àǹtí, kílò mélòó lẹ wọ̀n?" Oore ló fẹ́ ṣe o, ó fẹ́ mọ irú àga tó máa gbé fún mi. Ọdún kẹjọ rèé, mi ò tíì padà sílé yẹn. Àwọn àgbà tó ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á, wọ́n mọ nǹkan tí wọ́n rí.

Ibi iṣẹ́ mi ni mo ti kọ́ ìyókù. Kéà ni mí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo nǹkan tó ń gbé èèyàn ni wọ́n kọ ìwọ̀n tó lè gbé sí lára, bẹ́ẹ̀dì o, àga ìwẹ̀ o, ẹ̀rọ tá a fi ń gbé wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì o. Ẹ̀rọ yẹn, òfin ilẹ̀ yìí ni pé kí ẹni tó mọṣẹ́ ẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Tí bàbá kan tó tóbi bá wọlé, a kì í ní bàbá ti tóbi jù fún àga. Àga ló kéré, a máa gbé e kúrò, a máa gbé òmíràn wá, bàbá ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀.

Àga ilé náà ní ìwọ̀n tiẹ̀, a kì í kàn kà á ni. Níbí àti ní Yúróòpù, ẹni tí ò ju kílò 110 lọ ni wọ́n máa ń fi sọ́kàn tí wọ́n bá ń dán àga inú ilé wò, ìyẹn bíi sítóònù 17 lé díẹ̀. Kì í ṣe pé èèyàn dé 111 kó wá fọ́ o, àmọ́ ọkùnrin tó ga tó sì ń jẹ iyán dáadáa ti dé ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní nǹkankan. Ẹ wá wo àga tí wọ́n kó wá nínú páálí, tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tò. Irin onígun kékeré yẹn lẹ fi dì í lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, látọjọ́ náà ẹ ò tún un dì mọ́, àbí irọ́ ni mò ń pa? Hítà ilé máa ń gbẹ igi, ìdè ẹ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀, ọmọ ọdún méje á máa fi ẹsẹ̀ méjì ẹ̀ mì síwá sẹ́yìn. Bíìgì Mọ́mì ló kàn bá a níbi tó ti fẹ́ kú tẹ́lẹ̀. Ẹ dojú mẹ́ta tó kù dé lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ dì wọ́n pinpin. Èyí tó bá ń mì síbẹ̀, ẹ gbé e síta, kó má lọ jẹ́ pé pásítọ̀ ló kàn.

Nǹkan tí mo tún fẹ́ kó o rí ni orúnkún yẹn. Ẹni tí orúnkún ń dùn kì í jókòó, ṣe ló máa ń jura ẹ̀ sílẹ̀. Ó máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bá ku bí ìbú ọwọ́ méjì ẹsẹ̀ á ní òun ò ṣe mọ́, gbì! Ohun tó bọ́ lulẹ̀ sì máa ń wúwo lórí ohun tó bọ́ lé ju ohun tí wọ́n rọra gbé kalẹ̀ lọ. Tó bá tún fẹ́ dìde, apá ló máa fi ti gbogbo ara sókè, apá sófà olówó pọ́ọ́kú sì rèé, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi fóòmù wé ni. Torí ẹ̀, àga tó le nìkan ò tó. Àga tó ga ni kẹ́ ẹ wá. Fi téèpù wọn ibi ìjókòó ẹ̀ látilẹ̀, kó tó sẹ̀ǹtímítà 48 sí 50, kó ní apá méjèèjì, kó jẹ́ igi gidi. Má ra èyí tó dà bíi ti ọsibítù, ìyẹn gan-an ni wọ́n á kà sí èébú. Lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù chárítì tó ń ta àga àtijọ́, àwọn òyìnbó ò fẹ́ ẹ mọ́, pọ́n-ùn 15 ni mo ra tèmi, ó wúwo bí àga ìrókò tí káfíńtà máa ń kàn nílé. Ti bẹ́ẹ̀dì, wo ẹsẹ̀ tó wà láàárín lábẹ́ ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò kanlẹ̀ tàbí kí wọ́n tiẹ̀ gbàgbé ẹ̀ nínú páálí. Ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí pákó kán.

Ó kù ọ̀kan tí o ò sọ, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Kí ni wọ́n ń jókòó lé tí wọ́n bá ń wẹ ọmọ? Nílé, àpótí ni, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ike tí ọmọ ẹ fi ń gun síǹkì fọ eyín ni wọ́n ń lò o, jọ̀ọ́, gbé e kúrò níbẹ̀ kí o tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ọwọ́ wọn lọmọ wà, tó sì kún fún ọṣẹ.

Lórí bó o ṣe máa gbé àga náà kalẹ̀, lójú tèmi, ọkọ ẹ ṣàṣìṣe díẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwọ ò lè sọ̀rọ̀, ìyàwó ni ẹ́, ọkọ ẹ ni Bíìgì Mọ́mì náà, bí wọ́n tiẹ̀ wọ ìró. Àmọ́ òun lè sọ ọ́, àbúrò wọn ni. Dípò kó máa ní kó o dákẹ́, òun ni kó gbé àga náà wọlé, kó máa bú àga ilẹ̀ yìí lóhùn rara, pé lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àga, pé èyí tó wó yẹn òun náà ti ń bẹ̀rù ẹ̀. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ jókòó lórí tuntun yẹn, fún ọmọ lọ́mú níbẹ̀, àga alápá dáa fún un gan-an. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ó ti di àga ilé. Ilé kan wà tí mo máa ń lọ ní Bradford, wọn ò bá mi sọ nǹkankan rí, àmọ́ àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí mo bá ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà báyìí ni ọmọ wọn obìnrin á ti máa kó aṣọ kúrò lórí ẹ̀. Mo máa ń pẹ́ nílé yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ogún pọ́n-ùn yẹn, o ṣeun tí o ò gbà á. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún nawọ́ ẹ̀, gbà á, kúnlẹ̀, sọ pé páńpáàsì ọmọ lo fẹ́ fi rà, má dárúkọ àga. Ẹni tí wọ́n bá kọ owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì á ṣì máa jẹ gbèsè yẹn lọ́kàn. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ ló wó àga, ẹgbẹ́ ẹ, ìyẹn yàtọ̀, ẹ lè jọ dá owó ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá yá.

Sófà lándíọ́ọ̀dù, ẹ má fi aṣọ bò ó títí ẹ ó fi kó jáde. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹ́jẹ́ǹtì, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè wá ẹni tó ń tún àga ṣe, apá tó ya kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Dìpọ́sìtì yín, ó yẹ kí lándíọ́ọ̀dù ti fi sábẹ́ ètò tó ń dáàbò bò ó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó gbà á. Tó bá fẹ́ yọ nínú ẹ̀, ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn tó ń bójú tó ètò yẹn, kò sì lè gba owó sófà tuntun lórí èyí tó ti gbó. Ínṣọ́ránsì ilé, ẹ wò ó bóyá ẹ san ti ìjàǹbá kún un, ọ̀pọ̀ wa kì í san án, iye tí wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lè ju owó àga lọ.

Ó wá ku ọ̀gá wa ọlọ́dún méje. Mo rẹ́rìn-ín o, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Má nà án. Kò mọ̀ ni, ta ló sọ fún un rí pé bíìgì tàwa, àgbà ló túmọ̀ sí? Sọ fún un pé bí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, Bíìgì Mọ́mì náà ni wọ́n máa jẹ́, torí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bí, kí wọ́n tó bí bàbá ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ́ ọ pé tí àgbà bá ṣubú, "ẹ pẹ̀lẹ́" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, ìbéèrè tó bá wà nínú ẹ̀ á dúró di ìgbà tó bá kù ìwọ àti òun. Má pè é síta pé kó wá fi òyìnbó tọrọ àforíjì, ìyẹn á tún tú egbò náà. Iṣẹ́ ni kó o fún un: òun lá máa lọ pe Bíìgì Mọ́mì wá jẹun, òun lá máa fa àga fún wọn. Bùrọ́dá tó rẹ́rìn-ín yẹn, ọkọ ẹ ló mọ bó ṣe máa bá a sọ ọ́.

Àga tuntun ò sì ní dé lálẹ́ òní. Torí náà, tí ìrẹsì bá ti jinná, kẹ́ ẹ gbé àwo yín, gbogbo yín, kẹ́ ẹ lọ bá wọn ní kíṣìnnì, kẹ́ ẹ jọ dúró jẹ ẹ́.