Ìbéèrè Yín: Ṣé igbó tí wọ́n ń gé tà lè ṣe ẹja àti ẹran láǹfààní?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ní ìpínlẹ̀ Oregon àti Washington ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ́ńpìnnì tó ni igbó tiwọn, tí wọ́n ń gbin igi gẹdú tí wọ́n sì ń gé e tà, ń sọ pé àwọn ń tọ́jú ẹja àti ẹran ibẹ̀. Ẹni tó ń gé igi kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ẹnu lásán?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó ṣeé ṣe o. Ibi tí wọ́n gé gbalaja la sábà máa ń wò, inú á sì bí wa, àmọ́ tó bá jẹ́ ti ẹja ni, ọ̀nà tí wọ́n là wọ igbó ni kó o kọ́kọ́ wò.

Ṣé o rí ẹja salmon, tó bá ti inú òkun dé, odò tí wọ́n ti bí i ló máa ń gòkè padà sí. Abo á fi ìrù gbẹ́ kòtò sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò, á yé ẹyin sí i, á tún fi òkúta bò ó. Ẹyin yẹn ń mí o, omi tútù tó ń gba àárín òkúta kọjá ló ń gbé atẹ́gùn wá fún un. Kí òjò wá rọ̀ sórí ọ̀nà tí wọn ò tọ́jú, tí tírélà agbégi ti tẹ̀ di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á ṣàn wọ odò, á dí gbogbo àlàfo yẹn, ẹyin á kú sábẹ́ òkúta, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Páìpù tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà náà ńkọ́? Tí omi bá ti gbẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹnu páìpù á wá so rọ̀ lókè omi, ẹja ò ní lè fò dé ibẹ̀, gbogbo odò dáadáa tó wà lókè á kàn ṣófo ni. Washington ṣòfin lórí ẹ̀ ní 1999, nígbà tó di 2001 wọ́n ní káwọn onígbó ńlá kọ ètò bí wọ́n ṣe máa tún gbogbo ọ̀nà wọn ṣe, wọ́n fún wọn di 2016, wọ́n tún wá sún un dé 2021 fáwọn tó bá tọrọ àyè. Iṣẹ́ tó náwó gan-an ni, mo sì gbà pé òun ló ran ẹja lọ́wọ́ jù.

Igi etí odò náà ṣe pàtàkì. Ìbòòji rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi gbóná, tó bá sì ṣubú sínú odò, omi á jìn lábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ lọmọ ẹja ń sá sí. Láyé ọjọ́un, ìjọba gan-an ló ń kó irú igi bẹ́ẹ̀ kúrò, wọ́n rò pé ó ń dí ẹja lọ́nà, ní báyìí owó ni wọ́n fi ń gbé e padà síbẹ̀! Oregon ti ṣòfin igi gígé láti 1971, àmọ́ ó di 2022 kí òfin tó fẹ ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ gé létí odò dáadáa, lẹ́yìn táwọn kọ́ńpìnnì àtàwọn tó ń jà fún odò jọ fẹnu kò. Ó pẹ́ jù lójú tèmi.

Tí kọ́ńpìnnì kan bá wá sọ pé òun ń tọ́jú ẹran, bi í bóyá ó ti bá ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn lórí bó ṣe máa dáàbò bò wọ́n. Òfin tó ń dáàbò bo ẹran tó fẹ́ kú run ti gbà wọ́n láyè ẹ̀ láti 1982, ohun tí wọ́n ṣèlérí sì máa ń wà nínú ìwé.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọ́n ń fi òkú igi sílẹ̀ lóòró? Ṣé kò ní kó kòkòrò ran àwọn yòókù ni?

ÌDÁHÙN: Igi tó ti kú tipẹ́ kì í sábà fa ìyẹn, kòkòrò tó ń pa igi tútù ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹyẹ àkókó ló ń gbẹ́ ihò sínú ẹ̀, tó bá kó jáde, òwìwí kékeré, àdán àti ọ̀kẹ́rẹ́ á gba ibẹ̀, torí àwọn yẹn ò lè gbẹ́ tiwọn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ó lè wó lu òṣìṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi dáa kí wọ́n fi í sáàárín igi tútù díẹ̀ tí wọn ò ní gé, níbi tó jìnnà sọ́nà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀.