Ṣé kí n fọwọ́ ara mi tún ínlájà bàbá mi ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Onífọ́tò ni bàbá mi tó ti di olóògbé. Ínlájà tí wọ́n fi ń sọ fọ́tò di ńlá wà lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú táímà tí wọ́n rà láti Amẹ́ríkà, èyí tó ń ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí iná ínlájà yóò fi tàn sórí bébà. Orí ínlájà náà kì í dúró sójú kan mọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Wáyà rẹ̀ ti ń bó, lẹ́ǹsì rẹ̀ ti bu, táímà sì ń falẹ̀. Owó gọbọi ni ẹni tí mo gbé e lọ bá pè fún mi. Ṣé kí n tú u fúnra mi ni, àbí kí n sanwó? — Ọmọ Onífọ́tò, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Onífọ́tò, ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo bí iṣẹ́ ṣe le tó kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn yóò ṣe é fúnra wọn. Ní tèmi, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ náà kò bá bọ́ sí i ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò. Bí àdánù rẹ̀ kò bá ju bébà fọ́tò kan lọ, ẹ tú u. Bí ó bá kan iná mànàmáná, tàbí ohun tí ẹ kò ní lè tò padà bí ó ṣe wà, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Mo fura pé táímà yẹn kò bàjẹ́ rárá. Fólíìtì 120 ni iná Amẹ́ríkà, ó sì ń gbọ̀n ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tiwa jẹ́ 230, ìgbà 50 ló sì ń gbọ̀n. Sítẹ́pù-dáùn lè dín fólíìtì kù, ṣùgbọ́n kò lè yí ìgbọ̀n iná padà, ìgbọ̀n yìí gan-an sì ni mọ́tò ọ̀pọ̀ táímà àtijọ́ ń tẹ̀ lé. Ẹ fi fóònù yín wò ó: bí 60 ojú táímà bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 72, ara rẹ̀ yá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lé e lórí. Bí ẹ bá fẹ́ 30, ẹ yí i sí 25. (Bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ má fọkàn tán an, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí ni táímà yóò ṣe máa sáré.)

Orí tó ń yọ̀ ni iṣẹ́ tiyín. Nígbà kan, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ṣaláìsí, àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá a máa ya èyí tó kù, wọn a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí bébà kan ṣoṣo. Bí orí ínlájà bá yọ̀ díẹ̀ láàárín ìtẹ̀ méjèèjì, Táíwò á tóbi ju Kẹ́hìndé lọ. Ẹ fi aṣọ àti sípírítì nu òpó rẹ̀ títí gírísì àtijọ́ yóò fi tán, kí ẹ sì wo sukúrù tó ń dè é mọ́lẹ̀, bóyá ó ti jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú àpótí sípíríìngì tó ń gbé orí náà sókè, ẹ má sì ṣe yọ orí kúrò láì kọ́kọ́ ti ohun tó gbé e dúró pa, nítorí ó lè ta sókè lójijì kó sì ṣe yín léṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà lé pákó ìsàlẹ̀, lé ibi tí nẹ́gẹ́tíìfù ń jókòó sí, kí ẹ sì fi wo bọ́ọ̀dù lẹ́ǹsì, ìyẹn pákó tí lẹ́ǹsì wé mọ́, kí wọ́n lè dọ́gba. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan fọ́tò yóò hàn kedere, èkejì yóò rí bàìbàì.

Ẹ má fọwọ́ kan wáyà. Inú òkùnkùn ni ẹ ó ti máa ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ tútù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ onírin tí pulọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣeé ṣe kó má ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò sára irin lọ sínú ilẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi bo wáyà tó wà nítòsí gílóòbù, kò sì yẹ kí a ha á tàbí kí a fà á ya. Ẹ má tú lẹ́ǹsì náà. Ẹ wá àlòkù lẹ́ǹsì mílímítà 50 bí nẹ́gẹ́tíìfù yín bá jẹ́ ti mílímítà 35. Ojú sukúrù mílímítà 39 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, ṣùgbọ́n ẹ wọn bọ́ọ̀dù tiyín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ padà lọ bá ẹni tó pe owó náà, kí ẹ ní kó pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ wáyà nìkan ni kí ẹ gbé fún un. Bí kò bá sì lè fi ibi tí yóò so ẹ́ẹ̀tì mọ́ lára irin hàn yín, ẹ gbé ínlájà yín, ẹ wá oníṣẹ́ iná mìíràn.