Àyà tó ń fún pinpin lórí àtẹ̀gùn, tí ECG kò rí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àyà máa ń fún yín pinpin bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, pé bí ẹ bá dúró díẹ̀ á lọ, àti pé ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, tí wọ́n ṣe fún yín lórí bẹ́ẹ̀dì kò rí nǹkan kan. Ẹ má gbójú lé ECG yẹn nìkan. Tèmi náà mọ́ kedere nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn mi ti há.

Ẹran ọkàn kì í tọ́jú agbára pamọ́. ATP, èròjà tó ń fún un lágbára, tó wà nínú rẹ̀ kò lè gbé e ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ, àfi kó máa ṣe òmíràn láìdákẹ́. Ọ̀rá ló máa ń sun jù láti fi ṣe é, ṣúgà a tẹ̀lé e, ọ́síjìn ló sì fi ń sun wọ́n. Bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, díẹ̀ ni ẹran ẹsẹ̀ yín ń gbà nínú ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá; ọkàn ní tirẹ̀ ti ń gba nǹkan bí 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó dìde lórí àga rárá. Tó bá wá di orí àtẹ̀gùn, kí ló kù tó fẹ́ fà? Ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, ibi tó há kò sì ní jẹ́. Ìgbà tí ọkàn bá dẹra ni ẹ̀jẹ̀ tún ń ráyè wọ ẹran apá òsì rẹ̀ jù, bó bá sì ń sáré, ìdẹra yẹn ló ń kúrú.

Bí ọ́síjìn bá wọ́n, sísun ọ̀rá á falẹ̀, ọkàn á máa fọ́ ṣúgà láìsí ọ́síjìn. ATP 2 péré ló ń rí lórí ẹyọ ṣúgà (glucose) kan báyìí, níbi tó ti yẹ kó rí bíi 30, ásíìdì á sì máa gbára jọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lactate, ìyẹn ohun tó ń jáde bí ẹran bá fọ́ ṣúgà láìsí ọ́síjìn, tí ẹran ẹsẹ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí a bá ń sáré, oúnjẹ ni ọkàn tó dá ṣáṣá ń fi ṣe. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó a máa tú tirẹ̀ jáde.

Òògùn tó ń mú ọkàn rọra lù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, kí ìdẹra rẹ̀ lè gùn. Ó rẹ̀ mí gan-an níbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fún ẹ̀yin náà, ẹ má tìtorí ẹ̀ dá a dúró fúnra yín. Wọ́n fi òògùn míì tó ń jẹ́ trimetazidine kún un lẹ́yìn náà, torí ó ń darí ọkàn kúrò lórí ọ̀rá sórí ṣúgà, tí kì í jẹ ọ́síjìn tó ọ̀rá.

Ẹ ní kí dókítà yín ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nígbà téèyàn ń rìn lórí ẹ̀rọ. Àmọ́ bí àyà bá fún yín níbi tí ẹ jókòó sí, tí kò sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sì fúnra yín wa mọ́tò: bí ẹ̀jẹ̀ bá dá pátápátá, ẹran ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín bí 20 ìṣẹ́jú.