Ta Ló Ń Rí Ìwé Báǹkì Ẹ́sítéètì Yín?

Ẹ kú oríire, ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ṣe akápò ẹgbẹ́ olùgbé ẹ́sítéètì yín ní Lugbe, l'Abuja, ẹ sì kú ewu. Ìbéèrè yín yé mi dáadáa. Ẹ ní alága yín fẹ́ kí owó oṣooṣù àwọn olùgbé ṣì máa wọ àkáǹtì òun fúnra rẹ̀ títí ẹ ó fi ráyè ṣí ti ẹgbẹ́, ẹ wá ń bèèrè bí ẹ ṣe lè dáàbò bo owó náà láìbá a jà. Lokogoma ni èmi ń gbé. Mo ti ṣe akọ̀wé owó ẹ́sítéètì wa rí, wọ́n sì fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó yẹ ìwé àwọn tó ṣáájú wa wò. Ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ ni màá fi dá yín lóhùn.

Ẹ má gbà, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré ló bẹ̀ yín fún. Mi ò pe alága yín lólè o, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Àmọ́ tí owó ẹgbẹ́ bá ti wọ àkáǹtì ẹnìkan, owó oṣù onítọ̀hún á wọ ibẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ á ti ibẹ̀ jáde, gbèsè tó yá lórí fóònù á máa já tirẹ̀ níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí òun gan-an ò fi ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Tí nǹkan bá sì ṣe é, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, lójú báǹkì ẹbí rẹ̀ ló ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó máa ti ilé ẹjọ́ dé ilé agbẹjọ́rò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó ò sí ní báǹkì, tí èèyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Àwọn máígádì ń béèrè owó oṣù wọn, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ ti tiránsífà. Akápò ìgbà yẹn ní kí àwọn olùgbé máa fi owó sí àkáǹtì òun, pé òun mọ ọmọkùnrin kan tó ní POS lọ́nà Galadimawa tí kì í já òun kulẹ̀. Àwọn èèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún ṣàdúrà fún un. Owó bébà padà dé, kò sẹ́ni tó dárúkọ àkáǹtì ẹgbẹ́ mọ́.

Èyí tó wà nínú àkáǹtì ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹni méjì ló yẹ kó fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, alága àti akápò. Lórí ìwé, kò sí àléébù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kano ni iṣẹ́ alága máa ń gbé e lọ ní gbogbo ìgbà, ló bá kó tókìnnì tirẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú nọ́ńbà ìfọwọ́sí báǹkì jáde, fún akápò kí iṣẹ́ má bàa dúró. Bí tókìnnì méjèèjì ṣe di ti inú dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹnìkan náà ló ń béèrè owó, òun náà ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ má torí pé báǹkì yín ní ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ wá sùn lọ. Ẹ bèèrè ibi tí tókìnnì kọ̀ọ̀kan ń sùn.

Nígbà tí ìpàdé gbogbogbòò fẹ́ wáyé, wọ́n gbé ìwé báǹkì jáde. Ó dára lójú: àmì báǹkì wà lókè, sítáǹbù wà nísàlẹ̀. Wọ́n ka iye tó kù sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé, àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Mo gba ẹ̀dà kan lọ sílé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ, mo mú kalikuléétọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ èyí, kò le rárá. Ìwé báǹkì ní òpó mẹ́ta tó ṣe pàtàkì: owó tó wọlé, owó tó jáde, àti iye tó kù. Ẹ mú iye tó kù ní ìlà kan, ẹ fi owó tó wọlé ní ìlà tó tẹ̀lé e kún un, tàbí kí ẹ yọ owó tó jáde níbẹ̀. Èsì yín gbọ́dọ̀ bá iye tó kù tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ mu, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀, ó ń bá ara mu. Ní ojú ewé kejì, mo dé ibi tó ti já. ₦1,284,500 ló kù. Ìlà tó tẹ̀lé e, wọ́n yọ ₦40,000 fún gílóòbù iná òpópónà. Ó yẹ kó ku ₦1,244,500. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni ₦894,500. Mo tún un ṣe, mo pe ọmọ mi pé kó wá bá mi ṣe é, ibì kan náà ló já sí. Ẹni tó yọ ìlà ₦350,000 kúrò nínú ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà gbàgbé pé òpó tó gbẹ̀yìn ṣì ń ka ohun tó bọ́ lọ.

Nítorí náà, ìwé báǹkì tí akápò tàbí alága bá tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ẹ kà á sí ìròyìn àfẹnusọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni akápò báyìí, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí. Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà ni pé a kọ lẹ́tà sí báǹkì pẹ̀lú ìfọwọ́sí gbogbo ìgbìmọ̀, pé kí wọ́n máa fi ìwé àkáǹtì ránṣẹ́ ní ìparí oṣù sí ímeèlì àwọn olùgbé mẹ́ta kan tí wọn kì í ṣe afọwọ́síwèé, kí àlẹ́ẹ̀tì náà sì máa dún sórí fóònù ẹnìkan nínú wọn. Tí mo bá ní kí ẹ ṣe ohun kan péré nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni. Ẹni tó ní agbára láti yọ owó, tó bá mọ̀ pé ìyá àgbà kan ní ilé kejì ń gbọ́ "gbín-ín" lórí fóònù rẹ̀ nígbàkúùgbà tí owó bá jáde, ọwọ́ rẹ̀ á fà sẹ́yìn. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì mọ́, kò ní bínú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti dísù, torí pé ibẹ̀ ni owó ẹ́sítéètì máa ń gbà lọ jù ní Abuja tí iná bá ti ń ṣe ségesège. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi bọ́ọ̀hóòlù wa sókè ní aago kékeré kan lójú rẹ̀ tó ń ka iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá ló ní in, àwọn èèyàn kì í kàn wò ó. A ra ìwé kékeré kan fún máígádì, Mallam ń kọ nọ́ńbà aago yẹn sí i ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Nígbà tí wọ́n bá gbé dísù dé, ẹni méjì á dúró tì í, wọ́n á ti igi sínú táǹkì kí wọ́n tó dà á, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, a pín lítà sórí wákàtí. Bíi lítà mẹ́fà ló ń mu ní wákàtí kan. A wá mú rìsíìtì àtijọ́, a fi wákàtí tó wà lójú aago ṣe ìṣirò rẹ̀: lítà mẹ́wàá! Ẹ̀rọ kan náà, bọ́ọ̀hóòlù kan náà. Jẹnẹrétọ̀ wo ló ń dàgbà tí oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù?

Máígádì tó wà nínú ìwé owó oṣù àmọ́ tí kò sẹ́ni tó rí i rí lẹ́nu géètì, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn. Ẹ lẹ fọ́tò gbogbo máígádì yín mọ́ yàrá géètì, ó ti tán.

Ti WhatsApp ò ṣe é fojú kéré. Àwọn gbájúẹ̀ gba WhatsApp alága ẹ́sítéètì kan tí kò jìnnà sí wa, wọ́n fi í kọ̀wé sí gbogbo olùgbé pé àkáǹtì ẹgbẹ́ ti yí padà, kí wọ́n sanwó transfọ́mà kíákíá. Àwọn kan san. Àwa ti kun nọ́ńbà àkáǹtì wa sára pátákó lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọ̀dà, a sì ti pinnu ní ìpàdé pé kò lè yí padà láìjẹ́ pé a pe ìpàdé mìíràn. Bákan náà, ẹni tó bá fi àwòrán àlẹ́ẹ̀tì hàn yín pé òun ti san, ẹ má kọ rìsíìtì fún un àfi tí owó náà bá ti hàn nínú ìwé báǹkì. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀ nílùú.

Ọ̀rọ̀ tó wá nira jù fún mi ò sí nínú ìwé owó. Ọmọ Yorùbá ni akápò yẹn. Bí mo ṣe sọ ohun tí mo rí, àwọn àgbà wa nínú ẹ́sítéètì pè mí. "Ìyá Tọ́lá, ṣé ọmọ ẹ lo fẹ́ dójú tì lójú gbogbo ẹ̀yà tó wà níbí?" Tó bá jẹ́ pé Hausa tàbí Igbo ni, wọn ì bá ní mo fẹ̀yà gbógun ti èèyàn. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò bá wọn jiyàn, mo kó ìwé náà fún Alhaji kan tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọ́dítọ̀ ìjọba, mi ò sọ ibi tó ti já fún un. Òun náà dé ojú ewé kejì, ó dúró. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ Yorùbá kan.

Ní ti gbígba owó padà, àgọ́ ọlọ́pàá tí a kọ́kọ́ lọ ní àwọn kì í bá ènìyàn gba gbèsè. Inú bí wa, àmọ́ agbẹjọ́rò kan nínú ẹ́sítéètì ní òtítọ́ ni wọ́n sọ: òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. A ti kọ "ó jẹ wá lówó" sínú ìwé ẹ̀sùn wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé a fi owó sí ìkáwọ́ rẹ̀ kó bá wa tọ́jú rẹ̀, ó ná an. Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Abuja, ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ ní abala 311 àti 312. Agbẹjọ́rò fi èyí kọ lẹ́tà sí akápò, ó sì fi kún un pé EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ní Jabi ló kàn. Díẹ̀díẹ̀ ló fi dá owó padà. Kò tíì tán.

Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní abẹ́ apá F òfin CAMA 2020, apá tó wà fún ẹgbẹ́ tó ní alábòójútó (trustees). Wọ́n á ní kí ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹ dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnìkan á ta kò ó. Báǹkì náà á béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí, kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì. Wàhálà wà níbẹ̀, owó ń lọ sí i, àmọ́ ìgbà tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ ni abala 839 tó lè ràn yín lọ́wọ́: ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè lọ bá ilé ẹjọ́ pé kó dá àwọn alábòójútó tó ń ṣe báṣubàṣu dúró.

Kí ẹ tó ráyè ṣe ìyẹn, ẹ sọ fún alága pé ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa fura sí òun. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un gan-an bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fọ́ọ̀mù tí báǹkì fi ń ṣí àkáǹtì lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì ti kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tí ìwé àkáǹtì á máa lọ bá sí i kí ẹ tó kúrò nílé.